Ó ran ẹni tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù: ohun tí òfin sọ, àti ibi tí ewu wà gan-an

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, ìyá àgbàlagbà kan ṣubú ní ibùdókọ̀ kan ní ìlú Nanjing, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì gbé e dìde, ó dúró tì í, ó sì bá àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn. Egungun ìyá náà ti ṣẹ́, owó ìtọ́jú sì pọ̀. Ìyá ní ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gan-an ló gbá òun ṣubú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ní rárá, àánú ló ṣe òun. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, adájọ́ ní kí ó san ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, èyí tó lé ní 45,000 yúàn.

Owó náà kọ́ ló dun àwọn ènìyàn jù, àlàyé tí adájọ́ ṣe ni. Kókó rẹ̀ ni pé bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò mọ́, kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí? Ẹni tí kò jẹ̀bi ìbá ti fi ìyá náà lé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí oore ṣe di ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 2012, aláṣẹ ìlú náà kan jáde wá sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti gbà lẹ́yìn ìgbà yẹn pé òun àti ìyá náà kọlu ara wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Fún ọdún márùn-ún gbáko ni ìtàn náà ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn sì ti rí kọ́ nínú rẹ̀: bí o bá rí ẹni tó ṣubú, má fọwọ́ kàn án.

Láàárín ọdún márùn-ún yẹn náà, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2011, ọkọ̀ kan gun ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjì kan ní ojú ọ̀nà tóóró ní ìlú Foshan. Awakọ̀ náà dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló tẹ ọkọ̀ síwájú, táyà ẹ̀yìn sì tún gun ọmọ náà. Ọkọ̀ kejì dé, ó tún gun ún. Kámẹ́rà tó wà níbẹ̀ ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ènìyàn méjìdínlógún ló kọjá. Àwọn kan yà fún un bí ẹni ń yà fún omi ẹrẹ̀, àwọn kan wò ó, wọ́n sì rìn lọ. Obìnrin kan tó ń ṣa àlòkù kiri ló gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó fa ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kiri títí ìyá ọmọ fi sáré dé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ọmọ náà kú.

Mi ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjìdínlógún yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa ń bi ara wa ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ṣé dandan ni? Bí mo bá ṣe é tí ó bàjẹ́ ńkọ́? Ta ni yóò gbà mí bí ó bá di tèmi? Ó yẹ kí a dá wọn lóhùn dáadáa, nítorí ẹ̀rù tí a ń bà kì í sábà jẹ́ ẹ̀rù tó yẹ kó bà wá.

Kí ló ń dá ènìyàn dúró?

Ní oṣù kẹta ọdún 1964, wọ́n gún ọ̀dọ́bìnrin kan lọ́bẹ pa ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní New York. Ìwé ìròyìn ńlá kan kọ ọ́ pé ènìyàn méjìdínlógójì ló ń wò ó láti ojú fèrèsé tí ẹnì kan kò sì pe ọlọ́pàá. Iye yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2016. Àmọ́ ìtàn náà ló mú kí John Darley àti Bibb Latané, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn, ṣe ìdánwò kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1968. Wọ́n fi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sínú yàrá tirẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó máa gbọ́ ohùn ẹlòmíràn láti inú ẹ̀rọ, bí ẹni tí gìrì mú. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló ń gbọ́ ọ, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló sáré jáde kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé àwọn mẹ́rin mìíràn tún ń gbọ́ ọ, ìdá 31 péré ni.

Kì í ṣe pé ọkàn wọn le. Àwọn olùwádìí náà sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò dìde ló ń gbọ̀n, tí ọwọ́ wọn ń làágùn. Ojú ẹnìkejì ni wọ́n ń wò nínú ọkàn wọn: bóyá ẹnì kan ti lọ, bóyá ẹni tó mọ̀ jù mí lọ wà níbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ náà kò tó bí mo ṣe rò.

Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2019 tún fi ìdí ohun mìíràn hàn, ó sì tù mí nínú gan-an. Richard Philpot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo fídíò kámẹ́rà ojú títì tó ká ìjà 219 sílẹ̀ ní Amsterdam, Cape Town àti Lancaster. Nínú bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn, ó kéré tán ẹnì kan dá sí i. Bí èrò bá sì ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni ó ṣe dájú tó pé ẹnì kan yóò dìde. Àwọn tó ń dìde pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ìtàn àwọn tí kò dìde ló ń rìn jìnnà jù.

Ṣé dandan ni?

Ó kù sí ibi tí ẹ bá wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ ibi tó jogún òfin rẹ̀, títí kan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò fi dandan lé e pé kí àjèjì gba àjèjì là. Ẹni tó mọ omi wẹ̀ dáadáa lè jókòó sétí odò, kó máa wo ọmọ ọlọ́mọ bó ṣe ń rì, kó dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀, kó máa lọ. Aráyé á bú u, ṣùgbọ́n adájọ́ kò ní rí òfin tí yóò fi mú un. Ti òbí sí ọmọ rẹ̀, olùkọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ sí èrò ọkọ̀ rẹ̀, àti ti ẹni tí ọwọ́ ara rẹ̀ dá ewu náà sílẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn máa ń béèrè pé bí igba ènìyàn bá dúró sétí odò, ta ni kí a mú nínú wọn? Ìbéèrè tó yẹ kí a rò ni. Síbẹ̀, ojú ń ti mi fún òfin tó lè wo ọmọ bẹ́ẹ̀ kó sì dákẹ́. Ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ti ṣe òfin tó yàtọ̀ láti àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n ìtanràn tó wà nínú rẹ̀ kò ju 100 dọ́là lọ.

Ọ̀nà mìíràn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbà. Ní Faransé, apá 223-6 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sọ pé ẹni tó bá lè ran ẹni tó wà nínú ewu lọ́wọ́, tí kò sì ṣe é, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura kó sì san 75,000 yúrò. Láti ọdún 2018, bí ẹni tó wà nínú ewu bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di ọdún méje àti 100,000 yúrò. Ní Jámánì, ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí owó ìtanràn ni. Ní Québec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ìwé ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu ní ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara balẹ̀ ka ohun tí àwọn òfin yìí ń béèrè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́. Kò sí èyí tó ní kí ẹ bẹ́ sínú iná. Òfin Faransé sọ ọ́ ní tààrà pé ìrànlọ́wọ́ tí kò ní fi ẹ̀yin tàbí ẹlòmíràn sínú ewu ni, ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín ṣe é tàbí kí ẹ pe àwọn tó lè ṣe é. Ẹni tó pe áńbúláǹsì, tó sọ ibi tí wọ́n wà, tó sì dúró títí wọ́n fi dé, lè ti ṣe gbogbo ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí kò tó nǹkan yẹn ni wọn ò rí ṣe ní Essen, ní Jámánì, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2016. Ọjọ́ ìsinmi ni. Bàbá kan tó lé ní ọgọ́rin ọdún dákú sílẹ̀ ní yàrá iwájú báńkì kan, níbi tí ẹ̀rọ tó ń pọ owó wà. Oníbàárà kan wọlé, ó rìn yí i ká, ó gba owó rẹ̀, ó jáde. Ẹnìkejì dé, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ẹnìkarùn-ún ló pe ìrànlọ́wọ́. Bàbá náà kú ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Kámẹ́rà báńkì ló tú àṣírí. Nígbà tí mẹ́ta nínú wọn dé iwájú adájọ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, wọ́n ní àwọn rò pé aláìnílé kan ló ń sùn síbẹ̀. Adájọ́ kò gbà á. Ìtanràn wọn bẹ̀rẹ̀ láti 2,400 yúrò, ó sì lọ dé 3,600 yúrò. Fóònù kò wọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Bí mo bá ràn án lọ́wọ́ tí ó wá burú sí i ńkọ́?

Ẹ̀rù yìí ló ń bani jù. Ìdí wà fún un, ṣùgbọ́n ìdí náà ti kéré gan-an sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 2004, obìnrin kan ní California rí i tí ọkọ̀ tó wà níwájú tirẹ̀ lọ fi orí sọ òpó iná. Ojúlùmọ̀ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ wà nínú ọkọ̀ náà. Ó ní òun rí èéfín, òun rò pé ọkọ̀ fẹ́ gbiná, ló bá fà á jáde. Ojúlùmọ̀ rẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ó sì pè é lẹ́jọ́ pé bí ó ṣe fa òun ló ba egungun ẹ̀yìn òun jẹ́. Òfin tó ń dáàbò bo olùrànlọ́wọ́ wà ní California nígbà náà. Kódà, ìpínlẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1959, fún àwọn dókítà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2008, adájọ́ mẹ́rin nínú méje ní ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé ìtọ́jú ìṣègùn nìkan ni òfin náà ń bò. Fífa ènìyàn jáde nínú ọkọ̀ kì í ṣe ìtọ́jú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: bí ó bá di aṣọ mọ́ ojú ọgbẹ́ rẹ̀, òfin á gbà á, bí ó bá fà á kúrò nínú ohun tó rò pé iná ni, ẹjọ́ lè jẹ́ tirẹ̀. Kò tó ọdún kan tí àwọn aṣòfin fi tún òfin náà kọ ní 2009, kí ó lè bo gbogbo ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì tí ènìyàn bá fi ọkàn rere ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Lónìí, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ní òfin tí wọ́n fi orúkọ aláàánú ará Samáríà inú Bíbélì pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ṣáínà náà kọ́gbọ́n láti ara Nanjing àti Foshan. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2017, abala 184 nínú òfin ìlú wọn sọ pé ẹni tó bá fínnú-fíndọ̀ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pàjáwìrì kò ní san owó kankan bí ẹni tó ràn lọ́wọ́ bá fara pa nítorí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tó jáde ní 2015 ní kí adájọ́ máa fi í sọ́kàn bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tó ń gba ẹ̀mí là ní àkókò ewu.

Ààbò yìí ní ààlà níbi tó pọ̀ jù. Ẹni tó ń ṣe é fún owó kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó hùwà àìbìkítà pátápátá, bí ẹni tó mu ọtí yó tó sì ní òun fẹ́ yọ ọta ìbọn lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ẹni tó ń sapá pẹ̀lú òótọ́ inú lè ṣe, òun gan-an ni wọ́n ṣe òfin náà fún. Ẹ wo ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì sọ pé kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó le, egungun ìhà sì lè ṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á gbọ́ bó ṣe dún, á sì fà sẹ́yìn pé òun ti pa á. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ẹnì kan kò bá tẹ àyà rẹ̀, tí wọn kò sì fi ẹ̀rọ jí ọkàn rẹ̀, ìrètí pé yóò yè ń dín kù ní ìdá méje sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Egungun ìhà á jinná.

Ohun méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ níbi òfin yìí. Bí ẹni náà bá jí, ẹ bi í kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: “Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́?” Bí ó bá ní rárá, ẹ pe àwọn tó yẹ, kí ẹ sì dúró lókèèrè. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, òfin gbà pé ì bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èkejì ni pé lábẹ́ òfin tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí kò tilẹ̀ jẹ́ dandan fún yín láti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ipò tó burú ju bí ẹ ṣe bá a lọ. Ẹni tí àwọn mìíràn kò sún mọ́ mọ́ nítorí pé wọ́n rí i pé ẹ ti wà níbẹ̀, tí ẹ wá lọ tí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ti pa á lára.

Ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn

Níbi púpọ̀, ẹni tí a ràn lọ́wọ́ kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Ìbéèrè tí wọn yóò máa bi yín ní àgọ́ ọlọ́pàá títí di òru ni, àti ilé ìwòsàn tí yóò ní ẹ̀yin tí ẹ gbé e wá ni kí ẹ san owó. Ní Íńdíà, Piyush Tewari dá àjọ SaveLIFE sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ìbátan rẹ̀ kú sójú títì ní ọdún 2007, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tí àwọn tó ń kọjá kò dá sí. Àjọ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ilé ẹjọ́ náà sọ ìlànà tó ń dáàbò bo olùrànlọ́wọ́ di òfin ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì fi í sínú òfin ìrìnnà wọn ní 2019: ẹni tó gbé ènìyàn tó fara pa wá lè lọ láìsọ orúkọ rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ dá a dúró nítorí owó. Nàìjíríà náà ṣe òfin ní 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gbà wọ́n, ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ìbéèrè tí kò yẹ dójú ti ẹni tó gbé wọn wá.

Òfin inú ìwé kọ́ ni òfin ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí kò lè tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè sọ ọ́ jáde.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ìjọba ń lé. Wọ́n bá àgbẹ̀ kan ní Faransé, Cédric Herrou, ṣẹjọ́ nítorí àwọn aṣíkiri tó ràn lọ́wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ààlà Ítálì. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo òfin ilẹ̀ Faransé sọ pé ìfẹ́ ará, tó wà nínú àkọmọ̀nà orílẹ̀-èdè náà, fún ènìyàn lómìnira láti ran ọmọlàkejì lọ́wọ́ láìwo ìwé tó ní. Àmọ́ mímú wọn kọjá ààlà ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Dídá sí ìjà

Ibi tí òfin àti ewu ara ti pàdé nìyí. Ní New York, ọkùnrin kan rí i tí àwọn ọkùnrin méjì di ọmọ ọdún méjìdínlógún kan mú lójú títì, wọ́n ń fà á mọ́ra, ọmọ náà ń sunkún. Ó rò pé wọ́n fẹ́ ṣe é ní jàǹbá. Ó fa ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn ṣubú, orúnkún rẹ̀ ṣèṣe. Ọlọ́pàá ni àwọn méjèèjì, aṣọ ilé ni wọ́n kàn wọ̀. Ní ọdún 1962, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá ọkùnrin yìí lẹ́bi: bí ẹni tí o ń gbèjà kò bá ní ẹ̀tọ́ láti jà, ìwọ náà kò ní in, ohun yòówù kí o rò. New York ti yí òfin yẹn padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ibi ń béèrè báyìí ni bóyá ohun tí o rò bọ́gbọ́n mu, àti bóyá agbára tí o lò kò ju ohun tó yẹ lọ. Bí ẹni tó ń lu ọmọ náà bá ti sá, tí o wá lé e lọ láti lù ú padà, olùgbèjà kọ́ ni ọ́ mọ́.

Ti kóòtù sì kéré sí ti ẹ̀mí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ní Offenbach ní Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń yọ lẹ́nu ní ilé oúnjẹ kan. Nígbà tó jáde síta, ọ̀kan nínú wọn gbá a lójú, ó ṣubú, ó fi orí gbálẹ̀. Ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń mú un mí.

Mi ò ní sọ pé kò yẹ kó dá sí i láé. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀nà pọ̀ láti dá sí ìjà yàtọ̀ sí kí a wọ àárín. Ẹ lè lọ bá ẹni tí wọ́n ń yọ lẹ́nu bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí ẹ bi í ní ọ̀nà, kí ẹ mú un kúrò níbẹ̀. Ẹ lè nawọ́ sí ẹnì kan pàtó nínú èrò, “ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ aṣọ pupa, ẹ bá wa pe ọlọ́pàá,” nítorí ẹni tí a bá nawọ́ sí kò lè máa wo ojú ẹnìkejì mọ́.

Ta ni yóò gba ẹni tó gbani?

A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí wọn kò ṣe ní mú olùrànlọ́wọ́. Ohun tí mi ò gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ tó ni ẹni tó fara pa nígbà tó ń ranni lọ́wọ́. Omi, iná mànàmáná, ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ àti èéfín ló ń pa aláàánú ju adájọ́ lọ. Ẹni tó ń rì yóò gun orí ẹni tó wẹ̀ lọ bá a, kì í ṣe pé ó mọ̀ ọ́n ṣe; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ni pé kí a na igi sí i tàbí kí a ju okùn sí i kí a tó ronú pé a fẹ́ bẹ́ sómi. Lẹ́yìn náà, ẹni tó bọ́ nínú rẹ̀ lè máà sùn dáadáa fún oṣù púpọ̀, owó iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ ti lọ, owó ìtọ́jú sì ń dúró dè é.

Ní oṣù kìíní ọdún 1904, ibi ìwakùsà èédú kan ní Harwick, nítòsí Pittsburgh, bú gbàù. Àwọn méjì tó wọlé lọ láti gba àwọn tó há sínú rẹ̀ là kú síbẹ̀. Ní ọdún yẹn náà ni Andrew Carnegie fi mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là lélẹ̀ láti máa fi ran irú wọn àti àwọn ẹbí wọn lọ́wọ́, owó náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Olówó kan ló ṣe ìyẹn. Ìjọba Jámánì ló fi tirẹ̀ sínú òfin: ẹni tó bá ń gba ẹlòmíràn là lọ́wọ́ ewu wà lábẹ́ ètò adójútòfò ìjọba ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, bí òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, láìsan kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣáínà ní kí ẹni tó fa ewu náà san owó, bí ó bá sì ti sá, kí ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́ fi nǹkan tó yẹ ran olùrànlọ́wọ́ náà lọ́wọ́. Mo gbà pé ti Jámánì ló dára jù. Òfin tó kàn sọ pé wọn kò ní pè ọ́ lẹ́jọ́ kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Níbi tí irú ètò yẹn kò sí, ilé ẹjọ́ ni ó kù, ọ̀nà kan sì ti là níbẹ̀ tipẹ́. Ní 1921, adájọ́ Benjamin Cardozo ní New York sọ pé bí ẹni tó dá ewu sílẹ̀ kò tilẹ̀ rò ó pé ẹnì kan yóò sáré wá gbani, gbèsè olùgbàlà wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni pé ó ti rò ó tẹ́lẹ̀.

Ẹjọ́ kan tó dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1959 ló fi èyí hàn jù. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga kan ní Derbyshire, níbi tí ilé-iṣẹ́ wọn ti gbé ẹ̀rọ tó ń lo epo bẹntiróòlù sísàlẹ̀ láti fi fa omi. Èéfín ẹ̀rọ náà ti kún inú kànga, wọ́n sì dákú síbẹ̀. Dókítà kan dé. Wọ́n ní kó dúró de àwọn panápaná. Ó ní ènìyàn méjì wà nísàlẹ̀, òun gbọ́dọ̀ lọ wo ohun tí òun lè ṣe. Ó so okùn mọ́ra, ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí èéfín mú òun náà, wọ́n fa okùn, okùn há mọ́ nǹkan kan lójú ọ̀nà, wọn kò rí i fà jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú.

Ilé-iṣẹ́ náà wí ní kóòtù pé ẹ̀bi dókítà ni, pé ó fi ìwàǹwára pa ara rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó rán an. Àwọn adájọ́ ní ẹni tó gbẹ́ ọ̀fìn kò lẹ́nu láti bú ẹni tó kó sínú rẹ̀ níbi tó ti ń gba ènìyàn là, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi ikú dókítà.